Ẹni Tí Wọn Ò Bẹ̀

Ọjọ́ Ìsinmi tí ìdílé Ògúnsànyà jó dé iwájú pẹpẹ láti dúpẹ́, díẹ̀ ló kù kí n bì sórí ìwé orin tó wà níwájú mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi dápàárá. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn. Itọ́ kíkan kún ẹnu mi, mo sì gbé e mì nítorí pé ilé Ọlọ́run ni mo wà, wọ́n sì kọ́ mi nílé.

Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí? Wọ́n ti gba béèlì Ọládàpọ̀ ni. Ọmọkùnrin tó fi ìgò fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú ní Agbowó, òun ló wà níwájú nínú aṣọ funfun, tó ń jó, tó ń juwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ ń fi ọ̀pá tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Dùùrù ń dún. Alùfáà Oyèkànmí gba makirofóònù, ó ní ọ̀tá ti ju ìdílé yìí sínú iná, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wọ́n.

Ọ̀tá wo? Ìyá ọmọ tí wọ́n fọ́ lójú ló jókòó tì mí níbẹ̀ yẹn, tó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ pé òun ni ọ̀tá náà, kí wọ́n kúkú dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan ń yíjú wò wá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwa náà máa dìde jó. Mo rọra bi ìyá náà, Olúbùsọ́lá, pé ṣé ká máa lọ. Ó ní rárá, pé bí òun bá jáde báyìí, wọ́n á ní òun di àwọn èèyàn sínú. Ẹ ṣáà ń gbọ́. Wọ́n ba ayé ọmọ rẹ̀ jẹ́, òun náà ló tún ń ṣọ́ra kí wọ́n má bàa rò pé òun ò níwà.

Adétutù Májẹ́kódùnmí lorúkọ mi. Èkìtì ni mo ti wá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, Akobo ni mò ń gbé. Ẹnu mi ò dára, èmi náà mọ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́, Mà Ata ni wọ́n ń pè mí, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan kó ara wa jọ, a dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ẹnì kan léṣe, tàbí tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, àwa la máa ń tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. A máa ń bá a jókòó ní kóòtù, a máa ń sọ fún un ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí lábẹ́ òfin. Ẹni tó ṣe èèyàn léṣe ní lọ́yà, ó ní ẹni tó gba béèlì rẹ̀, ó tún ní gbogbo ìjọ tó ń gbàdúrà fún un. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ńkọ́? Wọ́n á ní kó máa lọ sílé, pé àwọn á pè é. Wọn kì í pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń bá Olúbùsọ́lá àti ọmọ rẹ̀ rìn. A ti jọ wà nínú ìjọ náà tipẹ́, Àǹtí ló máa ń pè mí. Olùkọ́ ni òun náà, ní pírámárì. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ọmọ wà ní kékeré, òun nìkan ló tọ́ ọ nínú ilé wọn ní Àpáta. Olúwadárasími ni ọmọ náà ń jẹ́, Dárà là ń pè é. Bí ẹ bá rí ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá alákàrà àti bíṣọ́ọ̀bù bákan náà. Kì í dá àgbà lóhùn, kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń fi yangàn.

Òun àti Dàpọ̀ jọ dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ni, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Nígbà tó yá, Dárà ní òun ò ṣe mọ́. Kò bú u, kò gba tẹlòmíì, kò kàn fẹ́ ẹ mọ́ ni. Dàpọ̀ wá bá a ní yàrá tó háyà ní Agbowó níbi tó ti ń kàwé, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì nísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ó mú ìgò mínírà tó wà lórí tábìlì, ó fi gbá a lójú. Ìgò náà fọ́. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹyinjú kan níkẹyìn.

Ohun tí wọ́n wá jó sí níwájú pẹpẹ nìyẹn o.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọ̀hún, Olúbùsọ́lá pè mí pé Alùfáà fẹ́ wá gbàdúrà fún àwọn nílé ní ọjọ́ Sátidé. Ara fu mí. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọsibítù, ẹsẹ̀ Alùfáà ò kan ibẹ̀, kí ló dé tí àdúrà wá yá báyìí? Mo wọ mọ́tò, mo lọ sí Àpáta.

Alùfáà nìkan kọ́ ló wá. Òun àti Bàbá Ìjọ ni, àti ìyá Dàpọ̀, àti ọkùnrin kan tó máa ń ya fọ́tò fún ìjọ. Wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé páálí mọ́ọ̀tì wọlé. Mo wẹ̀yìn wọn títí, mi ò rí Dàpọ̀. Mo bi ìyá rẹ̀ pé ọmọ dà. Ó ní ara rẹ̀ ò le, pé láti ìgbà tí wọ́n ti tì í mọ́lé ni oúnjẹ ò ti wù ú jẹ. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé kí n bá a ṣàánú. Mo wo obìnrin yẹn láti òkè délẹ̀.

Dárà jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Báńdéèjì wà lójú rẹ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tó wò ó lójú nínú wọn. Alùfáà fi ọwọ́ kàn án lórí, ojú rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Máa wọlé, jẹ́ ká bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni." Dárà dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, mi ò sì tíì rí nǹkan tó burú nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kọrin kan. Bí orin ṣe parí, Bàbá Ìjọ fi ọ̀pá rẹ̀ lé ara àga, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Ó yẹ kí n máa pọ́n ọn lé bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ má bínú, ẹnu mi ló kọ̀ ọ́. Bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ olùkọ́ pírámárì, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Olúbùsọ́lá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ọmọdé ló ṣe é. Mi ò ní dìde níbí àfi tí o bá ní kí n dìde."

Ẹ̀yin náà tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ yìí, kí lẹ máa ṣe? Bàbá yìí ló dúró ti posí ọkọ Olúbùsọ́lá. Òun ló fa Olúbùsọ́lá lé ọkọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bàbá tirẹ̀ ò sí láyé mọ́. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni Olúbùsọ́lá ti já bọ́ látorí àga, ó wà lórí eékún, ó ti ki ọwọ́ sábẹ́ apá Bàbá. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ dìde." Ó gbé e dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tún wọ abẹ́ tábìlì lọ mú fìlà wá.

Alùfáà sì pariwo Halelúyà.

Èmi ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹlẹ́bẹ̀ dìde ti gba ẹ̀bẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. Àwọn náà mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbé arúgbó wá nìyẹn, tí wọ́n fi ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀ sílé. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tí Olúbùsọ́lá fi lè wo Bàbá Ìjọ nílẹ̀ níran. Ìwà ọmọlúàbí obìnrin yẹn ni wọ́n fi mú un. Nígbà tí mo wá yíjú, ọkùnrin tó ń ya fọ́tò ti na fóònù rẹ̀ sókè, ó ti ká gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n lọ. Wọn ò pe Dárà jáde fún àdúrà ọ̀hún.

Kò pẹ́ sí i, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti bèèrè ọjọ́ tí ẹjọ́ máa tún wáyé, nítorí pé wọn kì í sọ fún wa bí a ò bá lọ. Sájẹ́ǹtì tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Mà, ẹjọ́ wo tún ni? Ṣebí ẹ ti yanjú ẹ̀ nílé." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Olúbùsọ́lá ló wà níbẹ̀, lórí eékún, tó ń gbé Bàbá dìde. Wọ́n ti fi orin ìyìn sí i lábẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àlàáfíà Ọlọ́run ti borí. Ó ti wà lórí wọ́ọ̀sáàpù ìjọ, àwọn èèyàn ń fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i.

Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ìjọba ló pe ọmọkùnrin yìí lẹ́jọ́. Ó fọ́ èèyàn lójú. Kì í ṣe ewúrẹ́ ló jí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, bí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá ti gbẹ̀bẹ̀, kí ni kí ìjọba wá ṣe? Bí a bá dé kóòtù, ọ̀gá tó ń bá wa ro ẹjọ́ á sọ fún adájọ́ pé wọn ò ṣe mọ́, ó parí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa bá ayé wọn lọ."

Àwọn ọmọ yìí. Ó kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan bí ẹni pé wọ́n jọ jìjà ni. Ó tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. Mo jáde nítorí pé bí mo bá dúró, èmi gan-an ni wọ́n máa tì mọ́lé.

Inú mi ò tíì rọ̀ nígbà tí mo dé Àpáta. Mo bú Olúbùsọ́lá, kí n má purọ́. Mo ní ṣé kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni, tó fi lọ gbé wọn dìde, tó tún lọ mú fìlà. Ó jókòó sórí àga bí ọmọ iléèwé tó kùnà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀ nílẹ̀ ni? Bàbá Ìjọ? Kí n jókòó kí n máa wò wọ́n?" Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò gbà fún wọn lọ́kàn òun, pé òun kàn gbé wọn dìde ni. Èmi náà tí mo ń bú u, mi ò mọ̀ bóyá mo lè fi Bàbá sílẹ̀ nílẹ̀.

Dárà jáde láti ilé ìdáná. Ó ti ń gbọ́ wa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n lè pa ẹjọ́ yẹn láìbi mí?"

Mo ní, "Bí o bá dákẹ́, wọ́n á pa á. Wọ́n ti fi ìyá rẹ ṣe olùfisùn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n ṣe léṣe, o sì ti kúrò lọ́mọdé. Bí o bá dìde sọ fún adájọ́ pé o ò gbà, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa pè ọ́. Wọn ò ní dárúkọ rẹ. Wàá fúnra rẹ dìde ni."

Ìyá rẹ̀ ní, "Níwájú Bàbá Ìjọ? Níwájú Alùfáà?"

Mo bi Dárà pé kí ló fẹ́ gan-an. Ẹ bá mi wo ìtìjú, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ohun tí Dàpọ̀ ṣe, kó wà níbẹ̀ kó gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa ẹjọ́ náà kí n tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá wá dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ wọn."

Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ká gbìyànjú rẹ̀ wò, kó ṣe mí bí adájọ́, kó dìde kó sọ ọ́. Ó dìde. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Ó tún gbìyànjú, kò kọjá ẹ káàárọ̀. Mo ní kò burú, kó jókòó. Mo wọkọ̀ padà sí Akobo, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọjọ́ kóòtù pé. Ẹ wá wo èrò. Àwọn ìyá ìjọ ti dé, wọ́n ń kí Olúbùsọ́lá kú oríire, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Oríire kí ni? Ìyá Dàpọ̀ tẹ́ áńkáṣíìfù rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí Mọ́mì Dárà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí adájọ́ lè rí i pé ọ̀kan ni wọ́n. Wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sáàárín wọn. Èmi àti Dárà wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn. Ó ti wọ jígí dúdú. Kò sí ẹni tó kí i nínú àwọn tó ń kí ìyá rẹ̀ kú oríire, wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Dàpọ̀ wà níwájú, ó wọ súùtù òyìnbó, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó rí Dárà, ó sì tún kọjú síwájú bí ẹni tó rí àga.

Wọ́n pe ẹjọ́ náà. Ọlọ́pàá tó ń ro ẹjọ́ dìde, ó ní, "Olúwa mi, ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹbí méjèèjì ti bá ara wọn sọ ọ́, olùfisùn sì ti dárí jì wọ́n. A ò fẹ́ tẹ̀síwájú mọ́."

Obìnrin ni adájọ́ náà, àgbàlagbà bíi tèmi. Ó ní, "Ta ni olùfisùn?"

Ọlọ́pàá nawọ́ sí Olúbùsọ́lá. Ó dìde láàárín àwọn tó há a mọ́. Adájọ́ ní, "Màdáàmù, ṣé lóòótọ́ lẹ ò ṣe mọ́?"

Olúbùsọ́lá wo Bàbá Ìjọ. Bàbá náà mi orí sí i, bí a ṣe ń mi orí sí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Ó ní, "Wọ́n wá sílé mi, mà. Bàbá dọ̀bálẹ̀." Ó ní, "Mo gbé wọn dìde."

Lọ́yà Dàpọ̀ ti fò dìde, ó ní Olúwa mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọmọ fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń kùn pé ògo ni fún Ọlọ́run. Adájọ́ mú bírò. Mo fẹ́ pariwo, gbogbo ara mi ló ń yún mi. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni èmi nínú rẹ̀? Bí mo bá lanu, èmi náà ti di àgbà mìíràn tó ń gbẹnu sọ fún ọmọ yẹn níbi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Mo yíjú sí i.

Ó ti dìde. Ó di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì tó wà níwájú mú. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ọlọ́pàá kan ní kó jókòó. Alùfáà náà yíjú, ó rọra ní, "Dárà, jókòó, àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀." Ohùn tó fi ń lé àwọn ọmọdé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sọ ọ́. Dárà ti fẹ́ jókòó. Mo rí i. Ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ láti jókòó bí àgbà bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe kékeré.

Adájọ́ ní, "Ta nìyẹn?"

Dárà bọ́ jígí rẹ̀. Gbogbo kóòtù rí ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fọ́ lójú, mà."

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹlòmíràn pa ẹnu mọ́.

Ohùn rẹ̀ kéré, a ní láti dákẹ́ kí a tó gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì mi ni wọ́n bẹ̀. Mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́. Wọ́n ní kí n wọlé ni. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí, mà. Dàpọ̀ ò bẹ̀ mí rí. Mọ́mì mi gbé Bàbá dìde nítorí pé àgbà ni wọ́n, bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà á gbé wọn dìde. Ṣùgbọ́n Mọ́mì mi kọ́ ni wọ́n fi ìgò gbá. Mi ò tíì gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe."

Gbogbo èèyàn ń wo Bàbá Ìjọ, nítorí Dárà ti sọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ kù sí fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde díẹ̀. Ó wo Dárà, ó wo ilẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn tó jókòó. Kò lè ṣe é. Kí òun, Bàbá Ìjọ, dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin kékeré lójú ayé? Ó tún padà jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ní Àpáta, nínú pálọ̀ ẹni tí kò ní ọkọ, ó rọrùn fún un láti na ara rẹ̀ sílẹ̀. Dàpọ̀ tó yẹ kó ṣe é gan-an, ó ṣì ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Adájọ́ ní òun ò gba kí wọ́n fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ó bá ọlọ́pàá wí, ó ní báwo ló ṣe máa wá síwájú òun láìbi ẹni tí wọ́n ṣe léṣe. Ó wá bi Dárà bóyá ó lè jẹ́rìí lónìí. Ó ní òun lè ṣe é.

Ó fi Bíbélì búra, ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí Dàpọ̀ ṣe wọlé, tó ní kó fún òun ní omi, tó mu ún tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ pé lẹ́yìn tí ìgò fọ́, nígbà tí òun ń wá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, Dàpọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun, ó ń tẹ fóònù. Èmi náà ò tíì gbọ́ ìyẹn rí. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Mo rí Olúbùsọ́lá tó dìde láàárín àwọn èèyàn yẹn, ó ń fi orúnkún gba orúnkún wọn kọjá, ó wá jókòó tì mí. Nígbà tí Dárà parí, ẹnu Dàpọ̀ ò mì mọ́. Adájọ́ dá ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ̀síwájú, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó Dárà fúnra rẹ̀ létí.

Ìta ni Alùfáà ti bá wa. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Olúbùsọ́lá ló lọ tààrà, Dárà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, kò tiẹ̀ wo ọ̀hún. Ó ní, "Mọ́mì Dárà, kí lẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe yìí? Ẹ ti fi ìjọ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ti fẹ́ dá a lóhùn. Olúbùsọ́lá fi ọwọ́ dá mi dúró. Obìnrin tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun ò níwà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Alùfáà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ní, "Òun nìyí, sà. Ẹ bá a sọ ọ́ fúnra yín."

Ó sún sẹ́yìn, ó ku Alùfáà àti Dárà. Dárà ò tíì wọ jígí padà. Ó dúró, ó ń retí ohun tí Alùfáà fẹ́ sọ. Alùfáà wo bàtà rẹ̀. Ó wo àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì síta. Ọkùnrin tó ń wàásù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ọmọ yẹn, kódà pẹ̀lẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Dárà kọjá, ó tún tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì Dárà, ẹ ṣáà bá wa bẹ̀ ẹ́."